Kíláàsì Bọ́ọ̀dù àbí Kíláàsì Tí Ọmọ Ti Ń Yan Iṣẹ́? Ìbéèrè Tí Àwọn Òbí Ń Bi Mí ní Àbújá

Ọdún 11 ni mo fi kọ́ ọmọ nínú kíláàsì bọ́ọ̀dù, níbi tí olùkọ́ ti ń dúró níwájú bọ́ọ̀dù kọ́ gbogbo ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, ní Nyanya àti Karu kí n tó lọ sí ilé-ìwé mìíràn ní Kubwa, níbi tí ọmọ fúnra rẹ̀ ti ń yan iṣẹ́ tó máa fi bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀. Ọdún kẹfà mi níbẹ̀ rèé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì o, níbi ìsọmọlórúkọ o, nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Berger o, bí àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi bá ti gbọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Ibi tí kíláàsì bọ́ọ̀dù bá ti dára jù, mo máa sọ ọ́.

Irú ilé-ìwé wo gan-an lẹ ń sọ?

Orúkọ wọn pọ̀, ọmọ ìyá kan náà sì kọ́ ni gbogbo wọn. Èyí tí Nàìjíríà mọ̀ jù ni Montessori, tí Maria Montessori, obìnrin oníṣègùn ará Ítálì, bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù ní 1907. Níbẹ̀, ohun èlò máa ń wà lórí pẹpẹ tí ọwọ́ ọmọdé tó. Olùkọ́ á fi bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan han ọmọ, ọmọ á wá máa mú èyí tó wù ú nínú àwọn tó ti mọ̀ ọ́n lò. Ọmọ ọdún 3 sí 6 á jọ wà nínú yàrá kan, ti ọdún 6 sí 9 á wà nínú òmíràn. Irú Summerhill tún wà, tí A. S. Neill dá sílẹ̀ ní 1921, tó ṣì wà ní England títí di òní. Níbẹ̀, ọmọ tí kò bá fẹ́ wọ kíláàsì kò ní wọ̀ ọ́, ìbò kan náà sì ni ọmọ kékeré àti ọ̀gá ilé-ìwé ní nínú ìpàdé. Sudbury Valley ní Massachusetts, tó ṣí ní 1968, tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí kíláàsì kankan níbẹ̀ àfi èyí tí àwọn ọmọ bá fẹnu ara wọn béèrè.

Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, "kíláàsì àyànṣe" ni mo máa pè é. Irú Montessori ni èmi ń ṣe, òun ni mo sì máa sọ̀rọ̀ lé jù.

Kí ló wá burú nínú kíláàsì bọ́ọ̀dù? Ṣé òun kọ́ ló kọ́ gbogbo wa?

Òun ló kọ́ wa, mi ò sì ní bú u. Bí ẹ bá jí mi lóru, mo lè ka ìsọdipúpọ̀ láti 2 dé 12 kí ojú mi tó là tán, torí pé à ń kọ ọ́ lórin láràárọ̀ ni. Tíṣà tó dúró níwájú ọmọ 30, tó ṣàlàyé ìdá lẹ́ẹ̀kan tó sì yé wọn, iṣẹ́ ńlá ló ṣe yẹn. Ohun tí ọmọ kò tíì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí, kí àgbà là á yé e yá ju kó máa táràrà wá a kiri.

Iye ọmọ ni ibi tó ti ń dùn mí. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé olùkọ́ kan sí ọmọ 35 ni ní pírámárì. Èmi ti dúró níwájú ọmọ 58, mẹ́rin-mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ẹni méjì. Nínú wọn, àwọn kan ti mọ ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn kí n tó mú ṣọ́ọ̀kì. Àwọn mìíràn kò tíì mọ ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó wà láàárín ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè pé ṣé ó yé yín, gbogbo wọn ló ń pariwo pé "Yẹ́ẹ̀s, Àǹtí!"

Ọmọbìnrin kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí mo bá kọ sójú bọ́ọ̀dù ló ń kọ sínú ìwé rẹ̀. Ìwé náà mọ́ tónítóní, ìlà rẹ̀ tọ́, èmi gan-an ti gbé e sókè rí kí àwọn tó kù wò ó. Tẹ́ẹ̀mù kẹta ni mo tó mọ̀ pé kò lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ó ń ya lẹ́tà bí ẹni ń ya àwòrán ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló lé mi kúrò níbẹ̀.

Ṣé kì í ṣe eré ni wọ́n kàn ń ṣe ní kíláàsì àyànṣe?

Ó jọ eré lójú ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan gbé tíréè tí jọ́ọ̀gì kékeré méjì wà lórí rẹ̀, ọ̀kan ní omi nínú. Ó da omi sínú ìkejì, ó dà á padà. Omi dà sílẹ̀. Ó wò mí. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó lọ mú àkísà lórí ìkọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ó nulẹ̀, ó fún àkísà náà sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó padà sídìí tíréè rẹ̀. Ìgbà 23 ni mo kà. Nígbà tó fi máa dé bí ìgbà 15, ó ti ń fi ọwọ́ òsì di ìdí jọ́ọ̀gì mú, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ọ. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó mí kanlẹ̀, ó gbé tíréè padà síbi tó ti mú un. Ọwọ́ tó fi ń gbé omi yẹn láì jẹ́ kó dà ni yóò fi di pẹ́ńsù mú. Ojú tí kò gbé kúrò lára omi yẹn ni yóò fi kàwé.

Ìdí nìyẹn tí kíláàsì Montessori tó péye fi ń fún àwọn ọmọ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta gbáko láàárọ̀ láìlu aago. Nínú kíláàsì tí mo ti kúrò, ọkàn ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọnú iṣẹ́ báyìí, aago á dún, a ó ní kó kó ìwé ìṣirò nílẹ̀, ó ti kan Gẹ̀ẹ́sì.

Ọwọ́ náà ni ìṣirò ń gbà wọlé. Ìlẹ̀kẹ̀ ẹyọ kan ni 1. Mẹ́wàá tí wọ́n sín sórí wáyà ni 10. Wáyà mẹ́wàá tí wọ́n so pọ̀ di pẹlẹbẹ 100. Pẹlẹbẹ mẹ́wàá tí wọ́n tò lé ara wọn di àpótí 1,000. Ọmọ ọdún márùn-ún á gbé 1,000 sọ́wọ́ ọ̀tún, á mú 1 sọ́wọ́ òsì. Kò sí ẹni tí yóò tún máa bá a fà á pé kí ni òdo mẹ́ta yẹn wá ṣe níbẹ̀.

Tí ọmọ bá wá kọ̀ tí kò yan ìṣirò ńkọ́?

Ìbéèrè tó yẹ kí òbí kọ́kọ́ bi ilé-ìwé nìyí, èsì tí wọ́n bá fún yín lẹ ó sì fi mọ̀ wọ́n. Ilé-ìwé tó bá ní "ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa wù ú lọ́jọ́ kan", ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ máa lọ. Summerhill lè sọ bẹ́ẹ̀, torí pé ohun tí wọ́n dúró lé lórí nìyẹn, òbí tó mú ọmọ wá síbẹ̀ sì ti mọ̀. Ilé-ìwé tó gbowó lọ́wọ́ yín pé òun máa kọ́ ọmọ ní ìṣirò kò lẹ́tọ̀ọ́ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, òmìnira ọmọ ní ààlà, òmìnira yẹn sì ń fi kún iṣẹ́ olùkọ́ ni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé lọ́wọ́ mi. Mò ń kọ ohun tó mú, iye ìgbà tó mú un, àti ibi tó ti há, sínú rẹ̀. Bí mo bá rí i pé ọmọ kan ti yẹra fún pẹpẹ ìṣirò fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò ní dúró kó wù ú. Mo máa wádìí. Nígbà mìíràn, ohun tí mo fi hàn án ló le jù, ojú ń tì í láti tún béèrè. Nígbà mìíràn, ó ti mọ̀ ọ́n jù, ó ti sú u. Ọmọ kan wà tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Èmi àti ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àbájáde bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní ìsinmi: góòlù mélòó ni ẹgbẹ́ yìí jẹ, mélòó ni wọ́n jẹ wọ́n, kí ló kù. Ojú ìwé méjì ló ti kún kó tó mọ̀ pé ìyọkúrò ni òun ń ṣe.

Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, màá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Èmi àti ìwọ ní iṣẹ́ lónìí. Ṣé kí á ṣe é kí o tó jẹun ni, àbí lẹ́yìn tí o bá jẹun tán?" Ó lè yan àsìkò. Kò lè yan pé òun ò ṣe.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kíláàsì tí àgbà ti yọ ọwọ́ kúrò pátápátá, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ọmọ tí kò sì ní ẹni tí yóò bá a tún un ṣe nílé ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ jù.

Ọmọ kò ní ya aláìgbọràn báyìí?

Bàbá kan pa òwe yìí fún mi lẹ́nu gèétì: "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà." Ẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Mo ní kó wọlé wá jókòó. Ohun tó rí ni pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ohun èlò kọ̀ọ̀kan nínú yàrá wa. Bí ẹnìkan bá ń lo àpótí ìlẹ̀kẹ̀, ìwọ tó o fẹ́ ẹ máa dúró ni, o ò ní já a gbà, o ò ní pariwo. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá da nǹkan sílẹ̀ ló máa nù ún. Kò sí pàṣán níbẹ̀.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣá. Àwọn ọmọ wa máa ń béèrè pé kí ló dé. Màmá àgbà tó bá ti ilé wá kí yín lè rí i bí àfojúdi. Ẹ kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń fi "ẹ jọ̀wọ́, mà" àti "ẹ̀yin" bi àgbà ní ìbéèrè. Ẹ má gba ìbéèrè náà lẹ́nu rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, iṣẹ́ ilé ni, ilé-ìwé kan kò ní bá yín ṣe é.

Ṣé ti àwọn olówó Maitama àti Asokoro kọ́ nìyí?

Lọ́pọ̀ ìgbà ní Àbújá, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń bà mí nínú jẹ́, torí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 1907 ni Montessori ṣí yàrá àkọ́kọ́ rẹ̀ ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní Róòmù. Àwọn òbí á jáde lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ á kù nílé, wọ́n á máa ba ògiri ilé jẹ́. Nǹkan bí ọmọ 50 ni wọ́n kó fún un. Ṣáájú ìyẹn, àwọn ọmọ tí wọ́n ti kà sí aláìpé ọpọlọ ló ti ń bá ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí ọwọ́ ṣe lè kọ́ ọpọlọ. Ọmọ aláìní ló kọ́kọ́ ni ín.

Ohun èlò pàápàá kò ní láti ti òkè òkun wá. Káfíńtà kan ní ọjà Dei-Dei ló gé àpótí igi mẹ́wàá fún wa, láti sẹ̀ǹtímítà 1 dé 10, ó fi sáńpépà fá a títí ó fi ń dán. Sáńpépà yẹn náà ni a gé ní lẹ́tà-lẹ́tà, tí a lẹ̀ mọ́ páálí, kí ìka ọmọ lè máa tọ ọ̀nà tí pẹ́ńsù máa gbà. Ọmọ ayò ni a fi ń kà. Nígbà tí àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní FCT daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan ní 2025, tí àwọn ọmọ wà nílé, ìyá ìbejì kan ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Kubwa ra ọmọ ayò àti abọ́ onírọ́bà, ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó wọ́n gan-an ni olùkọ́ tó ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí, tó sì lè dákẹ́ wo ọmọ.

Gbogbo gèétì ní Kubwa àti Gwarinpa ni wọ́n kọ "Montessori" sí. Báwo la ṣe máa mọ ojúlówó?

Orúkọ náà kò ní ẹni tó ni ín. Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ sára gèétì, nítorí náà ẹ má fi gèétì ṣe ẹ̀rí. Ilé-ìwé tí mo fi àkọ́bí mi sí kí n tó mọ nǹkan kan, ohun èlò wọn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Wọ́n á kó o jáde lọ́jọ́ tí àlejò bá ń bọ̀. Ọmọ mi lo ọdún méjì níbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án rí.

Ẹ lọ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó fún wákàtí kan. Bí wọ́n bá kọ̀, èsì nìyẹn. Ẹ wo bóyá ọwọ́ ọmọ tó pẹpẹ. Ẹ wo bóyá eruku ọyẹ́ ti bo ohun èlò mọ́lẹ̀. Bí gbogbo ọmọ bá ń ṣe nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kíláàsì bọ́ọ̀dù ni, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é. Ẹ fetí sí ohùn tó ga jù nínú yàrá náà. Bó bá jẹ́ ti olùkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ti mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ọmọ kan hàn yín, kí wọ́n bo orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ wọn láti Education Secretariat ti FCT, torí ọmọ yín máa nílò ilé-ìwé tí ìjọba mọ̀.

Ṣé ìwádìí wà lórí rẹ̀, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni?

Ìwádìí wà. Èyí tí mo fọkàn tán jù ni ti Angeline Lillard àti Nicole Else-Quest, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2006. Ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ ilé-ìwé Montessori ti ìjọba pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n bá ṣẹ́ gègé. Àwọn olùwádìí wá fi àwọn tí gègé mú wé àwọn tí gègé kò mú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òbí tó lóye ló mú ìyàtọ̀ wá. Àwọn ọmọ ọdún 5 tó wà ní Montessori ló mọ ìwé kíkà àti ìṣirò jù. Àwọn ọmọ ọdún 12 kọ àròkọ tó kún fún àtinúdá jù, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ orí yẹn ìwé kíkà àti ìṣirò wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ mọ́. Ní 2012, Lillard tún rí i pé ìlọsíwájú àwọn ọmọ pọ̀ jù níbi tí wọ́n ti tẹ̀lé ìlànà náà pátápátá, ó sì dín kù níbi tí wọ́n ti lú u mọ́ nǹkan mìíràn.

Ẹ̀gbẹ́ kejì, ti kíláàsì bọ́ọ̀dù, náà ní tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lórí ìwé kíkà, tó jábọ̀ ní 2000, rí i pé kí a kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà létòlétò sàn ju kí a fi í sílẹ̀ kó máa fojú díwọ̀n. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Lẹ́tà sáńpépà yẹn, ìró lẹ́tà létòlétò náà ló ń kọ́ni.

Kọ́mọ̀n Ẹ́ńtíránsì ńkọ́? WAEC ńkọ́?

Ọmọ tó ń lọ sí FGGC Bwari tàbí FGC Kwali máa ṣe ìdánwò tí NECO ń ṣe fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀. Ọmọ wa lè mọ ìṣirò náà dáadáa kí aago sì jẹ́ ìṣòro fún un, torí pé kò tíì sáré bá aago rí. Ọdún kan ṣáájú, a máa ń jókòó ti ìbéèrè àtẹ̀yìnwá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ pẹ̀lú aago lórí tábìlì. Kíláàsì bọ́ọ̀dù dára jù wá níbí, mi ò jiyàn. Ní ti WAEC, kò béèrè irú kíláàsì tí ẹ ti jáde. Ẹni tí kò sí nílé-ìwé kankan pàápàá ń ṣe é, èyí tí gbogbo wa ń pè ní GCE.

Yorùbá ọmọ wa ńkọ́ ní Àbújá yìí?

Kíláàsì àyànṣe kan kò ní yanjú ìyẹn fún yín. Nínú yàrá mi, ọmọ Yorùbá, Háúsá, Ígbò àti Gbagyi jókòó pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí iṣẹ́ tí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ifẹ̀ láti 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà pírámárì, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, kódà wọ́n ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Nílé, ẹ fi Yorùbá ka ọmọ ayò. Ẹ fi Yorùbá bi í ní ohun tó yàn láàárọ̀.

Mùsùlùmí ni wá, ọmọ wa ń lọ ilé kéú nírọ̀lẹ́. Kò ní dàrú mọ́ ọn lójú?

Ilé kéú gan-an ni mo máa ń tọ́ka sí bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé. Kí ló dé tí ẹ ò bẹ̀rù nígbà tí ọmọ ọdún 6 àti ọmọ ọdún 12 jọ jókòó sórí ẹní kan náà níwájú àfáà? Oníkálukú ló ní wàláà tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ tòní ló ń gba tuntun, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n padà lọ tún un kà, ọjọ́ orí ò sí níbẹ̀. Ọmọ àgbà á máa gbọ́ ti ọmọ kékeré. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ kì í yan ohun tó máa kọ́ nílé kéú. Ní ti kí oníkálukú máa rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀, a ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́.

Ọmọ mi ti wà ní pírámárì 3. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́ jù, àmọ́ ẹ múra sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan tó máa le. Ọmọkùnrin kan wá bá wa láti ilé-ìwé kan ní Lugbe, ọmọ ọdún 8. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò mú nǹkan kan lórí pẹpẹ. Á jókòó, á ká ọwọ́ pọ̀, á máa wo ẹnu mi pé kí n sọ ohun tó máa ṣe. Bó bá fẹ́ lọ tọ̀, á nàka sókè, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ìyá rẹ̀ ń pè mí lójoojúmọ́. Mo ń fún un ní iṣẹ́ kan péré láràárọ̀, màá ṣe é pẹ̀lú rẹ̀, màá fi ìyókù àárọ̀ sílẹ̀ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó dìde láìwo ojú mi, ó lọ gbé àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n fi pákó gé ní ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀. Ó tú gbogbo rẹ̀ dà sórí ẹní. Ó wá Ọ̀yọ́ ti, ó bi ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 7, ìyẹn sì fi hàn án.